Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Ṣáájú Màgàríbì

Jímọ́ọ̀, 14 Nọ̀fẹ́ńbà

Ó ti lọ. Ọkọ̀ àwọn yunifásítì ló wá gbé e láàárọ̀. A ò tẹ̀lé e dé pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ní kò sí àyè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe orúkọ mi. Mo wà ní ilé ìdáná, mo ń fọ ìkòkò tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò jáde.

Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pe bàbá mi. Ìyá ni màá máa pè ní "wọ́n". Bàbá, "ó" ni nínú ìwé yìí. Yorùbá ni màá sì fi kọ gbogbo rẹ̀, kí Mustaqeem àbúrò mi má baà rí i kà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, Lárúbáwá nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Tí Ìyá bá fi Yorùbá bá a wí, Lárúbáwá ló fi ń jiyàn.

Àlàájà Múríkàtù tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa gòkè wá lẹ́yìn Jímọ́ọ̀. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Aasiyah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi. Ibi tó jẹ́ pé yìnyín ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, ṣé ibẹ̀ náà ni wọ́n mú alátùn-ún-ṣe firíìjì lọ?"

"Ibẹ̀ ni, Àlàájà."

"Kí ó lọ mú kí ni tutù?"

"Yìnyín náà ni."

"Háà! Iṣẹ́ ti wá tán láyé."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ni. Wọ́n gbìyànjú láti ṣàlàyé fún Àlàájà: àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yunifásítì ń wa yìnyín àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀ ní ọ̀pá ọ̀pá ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, inú kọ̀ǹténà tó tutù ju ìta lọ ni wọ́n ń kó o sí, tí ẹ̀rọ kọ̀ǹténà bá kú, iṣẹ́ gbogbo wọn ti wọmi. Ogún ọdún ni Bàbá ti ń tún yàrá òtútù àwọn ẹlẹ́ja ṣe létí òkun ní Jẹ́dà níbí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá a kàn.

Àná, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ọjọ́ kẹwàá Fẹ́búárì ni n ó wọlé. Ààwẹ̀ á bá mi nílé. Wòlímà Kùránì rẹ á bá mi nílé." Ó yọ ìwé àkókò ìrun lára ògiri, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e níbi ọjọ́ kẹwàá Fẹ́búárì, ó ká apá tirẹ̀ sínú báàgì. Ìyá ní kó kúkú mú gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Kí ni n ó fi ìyókù ṣe? Ṣebí ilé ni n ó wà."

Ọjọ́bọ̀, 20 Nọ̀fẹ́ńbà

Mo lọ sí Hujun ní Mẹ́kà, níbi tí mo ti ń kéwú. Wọ́n ti fi ríyáàlì márùn-ún lé owó ọkọ̀ Mẹ́kà. Ùsításà Naima, olùkọ́ Kùránì mi, gbọ́ ojú ìwé mẹ́rin lẹ́nu mi, wọ́n dá mi dúró níbi mọ́kànlá.

"Aasiyah, ọkàn rẹ dà?"

"Ó wà, ùsításà."

"Níbo?"

Ìpín mẹ́rin ló kù kí n há Kùránì tán. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti ti ilé ìwé wa ní àdúgbò Ghulail pa. Àwọn tó lọ́nà lọ síbòmíì. Ní tèmi, Bàbá ní ká ní sùúrù. Sùúrù náà ni mo ń ní látìgbà yẹn. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo lè bẹ̀rẹ̀ kí n sì parí láyé mi ni Kùránì yìí. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 9 Dìsẹ́ńbà

Òjò. Ghulail di odò, mọ́tò ń léfòó bíi páànù. Omi wọ ìsàlẹ̀ ilé wa ní Hindawiyah náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù Àlàájà Múríkàtù gòkè. Àlàájà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Bàbá, wọ́n ń mí hẹlẹ. "Ọkùnrin tó yẹ kó bá wa gbé firíìjì yìí, omi dídì ló ń ṣọ́ níbi tó wà."

Inú bí mi sí wọn. Òótọ́ ni wọ́n sì sọ.

Firíìjì wọn ò tàn mọ́. Ta ló fẹ́ tún un ṣe?

Àbámẹ́ta, 10 Jánúárì

Àwòrán rẹ̀ dé. Ọkọ Hanan, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Jẹ́dà tí wọ́n jọ lọ, ló fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, Hanan sì fi ránṣẹ́ sí wa. Bàbá wọ aṣọ pupa tó nípọn bíi tìmùtìmù, yìnyín bo irùngbọ̀n rẹ̀, ó gbé ọ̀pá yìnyín kan dání bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ó títí. Mi ò rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín báyẹn nílé.

Òun fúnra rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ni wọ́n gbà á láyè láti fi ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Oòrùn ibí kì í wọ̀. Ó kàn ń yí wa ká ni. Yìnyín tí mo ń tọ́jú yìí ti wà kí wọ́n tó bí Ànábì."

Mo kọ ọ́ pé, "Èmi náà ti wà láti ọdún mẹ́rìndínlógún." Mo pa á rẹ́. Mo kọ, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Ọjọ́bọ̀, 29 Jánúárì

Mo há a tán. Láti Fátíhà títí dé Náàsì. Ùsításà Naima dì mọ́ mi, wọ́n ń ta sánsán bíi tùràrí. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì bọ̀ wálé, obìnrin kan fún mi ní bébà ìnujú láìbi mí ní nǹkan kan.

Wòlímà di Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógbọ̀n Fẹ́búárì, nínú ààwẹ̀, ní Hujun. Nígbà tí Ìyá ń to gbogbo ètò fún ùsításà, oúnjẹ, aṣọ, ìjókòó, ùsításà ní, "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ṣé ìgbéyàwó ni àbí Kùránì?" Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá. Ìyá ní kí n sọ fún wọn pé ó ju ìgbéyàwó lọ.

Ní tiwa, tí ọmọ bá ti kà tán, wọ́n á ní kí ẹni tó ni ọmọ dìde. Bàbá á dìde, á gbàdúrà sí i lórí lójú gbogbo èèyàn. Ibẹ̀ ni mo ń wò.

Ọjọ́rú, 11 Fẹ́búárì

Àná ló yẹ kó dé. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló dé. "Ìjì ń jà. Bàlúù ò lè bà. Ẹ má bínú. N ó gbìyànjú kí n bá wòlímà."

Ìyá se ìrẹsì tó pọ̀ ju ẹnu wa lọ. A jẹ ẹ́ lánàá, a tún jẹ ẹ́ lónìí.

Ṣé mo lè bínú sí ìjì?

Ìṣẹ́gun, 17 Fẹ́búárì

Wọ́n ti rí oṣù. Ààwẹ̀ di ọ̀la. Bàbá kọ̀wé:

"Aasiyah, ibi tí mo gé ìwé yẹn dé ti tán. Oòrùn ò sì wọ̀ lọ́dọ̀ wa ká fi mọ ìgbà. Mẹ́kà ni n ó máa tẹ̀ lé. Tí wọ́n bá ti pe Àsùbáà, fi ránṣẹ́. Tí wọ́n bá ti pe Màgàríbì, fi ránṣẹ́. Ìwọ ni ladánì mi."

Mo ní, "Arìnrìn-àjò ni yín, sà. Ọlọ́hun gbà yín láyè láti má gbààwẹ̀."

Ó ní, "Oṣù mẹ́ta ni mo ti wà lójú kan. Èmi kì í ṣe arìnrìn-àjò mọ́."

Ọjọ́rú, 18 Fẹ́búárì

Mo jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Bí ladánì Mẹ́kà ṣe la ẹnu, mo tẹ̀ ẹ́: "Ó ti tó." Ká tó gbé omi mì, ó ti dáhùn. Alhamdulillahi. Ó ní ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ àwọn, gbogbo wọn wà nídìí oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n rò pé òun náà kàn ń jẹ ọ̀sán ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnu òun ti gbẹ láti àná.

Mo rẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́, inú mi dùn pé èmi nìkan ló mọ̀.

Jímọ́ọ̀, 20 Fẹ́búárì

Hanan pe fóònù Ìyá lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Èmi ni mo gbé e, torí Lárúbáwá Ìyá ò kọjá ti ọjà.

"Ẹ kú oríire ààwẹ̀! Mo ní kí n kí yín láti ọjọ́ yìí, àlejò ni ò jẹ́. Ọkọ mi ti dé, ó ti dúdú bí èédú!"

Mo ní, "Ó ti dé? Ṣebí ìjì ò jẹ́ kí bàlúù bà?"

"Ìjì wo? Ọjọ́ kẹsàn-án ni bàlúù bà, oòrùn ń ràn. Gbogbo ẹni tó fẹ́ máa lọ ló lọ. Ẹ̀rọ kọ̀ǹténà kan ló ń ṣe ségesège, wọ́n bi gbogbo wọn pé ta ló máa dúró tì í di bàlúù ìkẹyìn. Bàbá rẹ nawọ́. Òun nìkan ló nawọ́, ọmọ mi! Ọkọ mi ò yéé sọ ọ́."

Mo dúpẹ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ìyá ní, "Kí ló ní?"

"Ó ń kí wa kú ààwẹ̀ ni."

Ó nawọ́. Wọn ò fipá mú un. Ó rántí ọjọ́ wòlímà, ó rántí mi, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ sókè bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ló wá pa irọ́ ìjì fún wa.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n máa pe Màgàríbì, oòrùn ṣì wà lára ògiri òdìkejì. Mo tẹ̀ ẹ́. "Ó ti tó."

Ó dáhùn pé, "Ó yá lónìí o."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pè é ní Mẹ́kà."

"Alhamdulillahi. Ìwọ lo kúkú mọ̀ ọ́n."

Ó jẹun. Ààwẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì mọ̀. Èmi nìkan ló mọ̀.

Àbámẹ́ta, 21 Fẹ́búárì

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ní ẹ̀pà àti omi gbígbóná lòun fi ṣínu.

Àìkú, 22 Fẹ́búárì

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ajé, 23 Fẹ́búárì

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Páálí tòmátò kan ti di ríyáàlì ogún. Eruku bo gbogbo Jẹ́dà, Mustaqeem ń húkọ́. Ìyá ní kí n bi Bàbá bóyá ìjì ti rọlẹ̀. Mo bi í. Ó ní ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Onírọ́.

Bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ mi ń pẹ́ lọ́nà, tí yóò fi máa bọ́ sí àkókò tó dáa. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kíákíá ló ń dáhùn.

Ìṣẹ́gun, 24 Fẹ́búárì

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò tilẹ̀ dùn mọ́. Ó ti dà bíi kí èèyàn máa fi ahọ́n tọ́ eyín tó ń dùn ún.

Ọjọ́rú, 25 Fẹ́búárì

Mo ti pinnu pé mi ò ní ṣe é lónìí. Ó wá kọ̀wé ní ọ̀sán: bàlúù ìkẹyìn ò lè dé kí oṣù tó parí, òun ò ní lè bá wòlímà, kí n dárí ji òun, Saifullah, ọmọ Nàìjíríà kan níbí, á jókòó dípò òun.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́bọ̀, 26 Fẹ́búárì

Hujun. Mo ka gbogbo ìparí Kùránì fún ùsításà láìsí àṣìṣe kankan. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó dáa gan-an. Kí ló wá ń ṣe ọ́?"

Mo ní, "Ùsításà, tí ẹnì kan bá sọ fún ẹlòmíì pé Màgàríbì ti tó, tí kò sì tíì tó, tí ìyẹn wá jẹun ńkọ́?"

"Ó ṣì í ni?"

"Rárá. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni."

Wọ́n pa Kùránì dé. "Ẹni tó jẹun máa gba ààwẹ̀ yẹn padà. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa gbà á tí kò bá mọ̀? Ẹni tó parọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ta ni?"

"Ẹnì kan."

"Sọ fún ẹnì kan náà pé kó má pẹ́."

Ní ìrọ̀lẹ́, mo dúró de ladánì. Mo tẹ̀ ẹ́ ní àkókò rẹ̀ gan-an.

Bàbá kọ̀wé: "Ó pẹ́ díẹ̀ lónìí. Ṣé kò sí wàhálà o?"

Mo lọ sí balùwẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ omi kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Àbámẹ́ta, 28 Fẹ́búárì

Mo kà á. Ohùn mi ò yẹ̀. Àwọn obìnrin ń sọ pé màṣá Allah, Àlàájà Múríkàtù ń ju súìtì lù mí lórí bí wọ́n ṣe ń sunkún. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, níbi tí àwọn ọkùnrin wà, àfáà ní, "Ẹni tó ni ọmọ yìí dà? Kó dìde."

Mo gbọ́ tí àga kan dún. Saifullah ni, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn níbí, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ó ní, "Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo dúró fún un."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. "Bàbá kékeré!" Gbogbo wọn wá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni n ó ṣe?

Bàbá kọ̀wé lẹ́yìn ìṣínu. "Mi ò mọ ìgbà tí o máa kà á. Mo dúró lẹ́nu kọ̀ǹténà láti àárọ̀, mo kọjú sí ọ̀nà Mẹ́kà. Wọ́n ń bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo ní ọmọ mi ń kéwú."

Àwọn èèyàn ń fún mi lẹ́bùn, wọ́n ń ní kí n gbàdúrà fún àwọn, pé ẹnu mi mọ́. Ẹnu tèmi.

Àìkú, 1 Máàṣì

Mo sọ fún un. Mo kọ ọ́ gbọọrọ. Mo kọ pé Hanan ti sọ fún mi pé ó nawọ́. Mo kọ ohun tí mo ṣe. Mo ní kó dárí jì mí.

Kò dáhùn. Mo fi Màgàríbì ránṣẹ́, kò dáhùn.

Ajé, 2 Máàṣì

Ó dáhùn.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́fà."

"Àwọn wo?"

"Láti Jímọ́ọ̀ ogúnjọ́ dé Ọjọ́rú ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Má sọ fún ìyá rẹ."

Ní ìrọ̀lẹ́, mo fi "Ó ti tó" ránṣẹ́. Ó ní kí n má ṣe ìyọnu mọ́. Awakọ̀ bàlúù kan tó jẹ́ Mùsùlùmí ti bá òun kọ àkókò Mẹ́kà sílẹ̀ láti orí rédíò.

Ọjọ́bọ̀, 12 Máàṣì

Ó dé. Ó ti rù, awọ imú rẹ̀ ń ṣí. Mustaqeem fò mọ́ ọn lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Aasiyah, báwo ni?" bí ìgbà tí èèyàn bá ń kí ọmọ ará ilé kejì.

Nígbà tí Ìyá wọ ilé ìdáná, mo bi í. Mo ní, "Ṣé yìnyín náà dé?"

"Ó dé. Kò yọ́."

"Kí ló dé tí ẹ fi nawọ́?"

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì sí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ lójú mi rí pé bí mi ò bá sí ńbẹ̀, nǹkan á bàjẹ́."

Mo ní, "Ilé ńkọ́?"

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyá gbé tíì wọlé.

Ajé, 30 Máàṣì

Ìtúnu ààwẹ̀ ti kọjá lọ. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀ rẹ̀ padà lónìí. Nínú oṣù Ṣawáàlì yìí, àwọn tó bá fẹ́ láádá sí i máa ń gba ọjọ́ mẹ́fà, sítà ni wọ́n ń pè é. Gbogbo èèyàn rò pé sítà ló ń gbà.

Àlàájà Múríkàtù ní, "Ẹ wo Àlàájì! Pẹ̀lú gbogbo wàhálà òtútù yẹn, wọ́n ṣì ń gba sítà. Ọlọ́hun á gbà á o."

Bàbá ní, "Àmín."

Ìyá ní kí èmi náà darapọ̀ mọ́ ọn, ṣebí mo ti di àfáà. Mo ní inú ń run mí.

Ọjọ́bọ̀, 2 Épírìlì

Ọjọ́ kẹrin. Ìyá ń gbé oúnjẹ ìṣínu kalẹ̀, Bàbá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ ṣínu. Ìyá ní ẹ̀sìn ti wọ̀ ọ́ lára sí i níbi tó lọ. Ooru ti dé, mo ń wo ètè rẹ̀ tó ń bó. Ó tún firíìjì Àlàájà ṣe lọ́sàn-án, kò gba omi lọ́wọ́ wọn.

Àbámẹ́ta, 4 Épírìlì

Ọjọ́ kẹfà. Mo dúró dè é lórí àtẹ̀gùn nígbà tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀.

Mo ní, "Ó pé lónìí."

"Ó pé."

Ó ti fẹ́ kọjá. Ó wá dúró, ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni n ó bi ọ́. Ṣé mẹ́fà ni lóòótọ́?"

"Mẹ́fà ni, sà. Mo fi Kùránì búra."

Ó ní, "Má búra." Ó gòkè lọ.

Àìkú, 5 Épírìlì

Ìyá gbé tíì fún un láàárọ̀. Ó ní òun ń gbààwẹ̀.

Ìyá ní, "Àlàájì, ṣebí ó ti pé mẹ́fà lánàá?"

Ó ní, "Mo mọ̀."